Ìró Abẹ́ Ẹní Àwẹ̀ró

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Kí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà jẹ ẹ́ tán, kí ẹni tó ń lé eṣinṣin jẹ́ kí eṣinṣin náà bà, kí òun náà gbọ́ ìtàn. Èmi Ọdẹ́tókun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, èmi tí mo fi ìbọn kan ṣoṣo pa ẹfọ̀n méjì lọ́jọ́ kan, tí mo sì jókòó lé ìkẹta lórí kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe òkúta. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Kò burú. Ìtàn ọ̀sán òní kì í kúkú ṣe tèmi. Ti bàbá tó bí mi lọ́mọ ni, Ọdẹ́rìndé, ọdẹ tó rìn dé ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í dé, tó sì padà wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ọpẹ́ ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọpẹ́ ló máa ń fi parí rẹ̀. Èmi náà kò ní yí i padà: mo dúpẹ́.

Ní ayé ìgbà náà, ìlú wa Ìtẹ̀lẹ̀dúró kò ní ìsinmi, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ ń mì. Bó bá mì lọ́sẹ̀ yìí, á tún mì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwo á máa gbá ara wọn, ewúrẹ́ á dùbúlẹ̀ láì ké, ògiri á lanu. Àwọn ará ìlú wa sì ní àṣà kan. Bí ilẹ̀ bá ti mì, kò tíì dákẹ́ pàápàá tí ilé kọ̀ọ̀kan á ti gbé odó òfìfo síta, tí wọ́n á máa gún un lásán, gbì, gbì, gbì, títí apá á fi ro wọ́n. Wọ́n ní báyìí ni àwọn baba ńlá àwọn ṣe ń dá ilẹ̀ lóhùn, kí ilẹ̀ lè mọ̀ pé ènìyàn ń gbé lórí òun. Ariwo náà máa ń pọ̀ débi pé ẹyẹ á ṣí kúrò lórí igi ní ìlú kejì.

Lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ la, ó gbé àká ọba mì tòun ti àgbàdo inú rẹ̀. Àyà gbogbo ìlú já. Àwọn àgbà pe ara wọn jọ, wọ́n ní inú ilẹ̀ ti di òfìfo bí akèrègbè, wọ́n ní ọjọ́ kan báyìí èèpo rẹ̀ á já, gbogbo ìlú á sì bá a lọ. Kábíyèsí Onítẹ̀lẹ̀ wá pàṣẹ pé kí ìlú ṣí lọ sí ẹ̀yìn Àpáta Alákàbà. Okùn ni wọ́n fi ń gun àpáta náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọba ní ẹni tí kò bá lè gun okùn, kó dúró. Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ojú gbogbo ènìyàn yí sọ́dọ̀ bàbá mi, nítorí wọ́n mọ ẹni tó wà nílé wa.

Àwẹ̀ró ni, ìyá bàbá mi, amọ̀kòkò. Ogójì ọdún ló fi mọ ìkòkò kó tó ṣubú sínú kòtò amọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì kú. Láti ìgbà náà, orí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà. Obìnrin tó sanra ni, ara rẹ̀ wúwo. Nígbà tó ń tajà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ìkòkò lọ láì jẹ́ pé òun fi ìka kàn án. Bó bá dún gbooro, ara rẹ̀ dá nìyẹn. Bó bá dún ṣàkàṣàkà, ó ti sán níkùn, bí ojú ò tilẹ̀ rí i. Ó ní bó ṣe ń kàn án: ẹ̀ẹ̀mejì, á sinmi díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan sí i. Kó, kó... kó. Bàbá mi sọ fún mi pé ìró yẹn ni òun kọ́kọ́ mọ̀ láyé, kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀.

Ó ti ààfin délé lọ́jọ́ náà, ó jókòó ti ẹní ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi, wọ́n ní ká máa lọ."

"Mo ti gbọ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ẹsẹ̀ yín ń sáré káàkiri lórí ilẹ̀ tí mo fi etí lé. Kí ni mi ò gbọ́?"

"N ó pọ̀n yín."

"Lórí okùn? Kí àwa méjèèjì jọ já bọ́? Ọdẹ́rìndé, mo pọ̀n ẹ́ rí, ó tó bẹ́ẹ̀." Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Àmọ́ fetí sí mi. Bí ilẹ̀ bá ti mì tán, tí ẹ̀yin ń gún odó yín bí ẹni tó ń bínú, nǹkan kan máa ń kan ilẹ̀ lábẹ́ etí mi. Ó máa ń pẹ́ kó tó dé. Ó kéré gan-an, ṣùgbọ́n ó mọ́. Ìkòkò òfìfo tó sán kì í dún bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ fún wọn, wọ́n ní àgbà ló dé, wọ́n ní ọkàn ara mi ni mò ń gbọ́."

Bàbá mi kò sùn lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó padà sí ààfin, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, ẹ fún mi láyè kí n lọ mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀. Bó bá jẹ́ òfìfo, n ó padà wá sọ fún yín kí ẹ máa lọ, èmi á jókòó ti ìyá mi, kí ilẹ̀ gbé àwa méjèèjì mì. Bí kò bá jẹ́ òfìfo, mo bẹ̀ yín, kí ìlú dúró." Ọba gbà fún un. Ó ní, "Oṣù tó lé lánàá ni n ó fún ọ. Ọjọ́ tí òmíràn bá lé, a ti di ẹrù nìyẹn."

Bí bàbá mi ṣe gbé ìbọn nìyẹn. Ìyá mi, ìyàwó rẹ̀, ló di ẹ̀wà sísun fún un, ó ní òun kò ní fi ìyá ọkọ òun sílẹ̀ bí gbogbo ayé bá tilẹ̀ gun okùn lọ. Ẹ bá mi kí ìyá mi o. Bí kò bá sí i, ta ni ì bá fún Àwẹ̀ró lómi mu?

Igbó àkọ́kọ́ tó wọ̀ ni Igbó Gbòǹgbòdìde, níbi tí igi ti ń fi gbòǹgbò gbọ́ràn. Ẹni tó bá tẹlẹ̀ gbì níbẹ̀, gbòǹgbò á hú jáde, á nà án bí ẹni ń na aṣọ òfì. Bàbá mi mọ ìrìn. Ọdẹ ni. Ó rìn bí ológbò fún ọjọ́ méjì, àmọ́ ní ọjọ́ kẹta òdòdó kan rùn sí i nímú, ó sín! Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ó tó nu imú, gbòǹgbò ogún ti dì í mọ́ ìdí ìrókò kan tó jẹ́ olórí wọn. Ìrókò náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ṣùtì sí i, ó ní, "Ta ló ní kí o wá pariwo nílé mi?"

Bàbá mi kò rí ohun tó lè ṣe. Ìka ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù tí gbòǹgbò kò dì. Ó fi kan ara igi náà, kó, kó... kó, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Ìró tó dá a lóhùn kò dára rárá. Ó ní, "Baálé igbó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ikán ti wọ inú yín. Ó wà ní ọwọ́ òsì, ní ìwọ̀n àgbà ènìyàn kan sókè." Ìrókò ṣíwọ́ yíyọ ṣùtì. Ó ti ń yún un láti ọdún mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó gbà á gbọ́ láàárín àwọn igi yòókù. Ó tú bàbá mi sílẹ̀. Bàbá mi gbẹ́ ibẹ̀, ó kó ikán náà jáde, ó fi eérú dí i. Igi náà sunkún ìdùnnú, oje rẹ̀ ń kán tó, tó, ó sì ní kí gbogbo gbòǹgbò là fún ọdẹ náà títí dé òpin igbó.

Òpin igbó yẹn ni Ìlú Èjìkákorí. Òkè ńlá méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n fi èjìká ti ara wọn, kò sí èyí tó fẹ́ yẹ̀. Bí wọ́n bá ti ti ara wọn títí tó sú wọn, ọ̀kan á yọ̀ díẹ̀, ilẹ̀ gbogbo ayé á sì mì. Bàbá Èjìká ni wọ́n ń pe adènà ibẹ̀. Èjìká rẹ̀ kan tóbi ju ahéré lọ, ìkejì kò ju ti ọmọdé. Kò jẹ́ kí bàbá mi kọjá.

"N ó bi ọ́ ní nǹkan mẹ́ta," ló wí. "Kí ló ń ti ilé dé oko láì gbé ẹsẹ̀, tó sì dé kí ẹni tó rán an tó pa ẹnu dé?"

"Igbe ni," ni bàbá mi dáhùn. "Bí ìyàwó mi bá ké sí mi láti ilé, mo ti gbọ́ kó tó pa ẹnu dé."

"Kí ni wọ́n ń bi léèrè ohun inú rẹ̀, tó sì ń jẹ́wọ́ láì jẹ́ pé wọ́n là á?"

"Ìkòkò. Ọmọ amọ̀kòkò ni mí."

Bàbá Èjìká fi ọwọ́ gbá irùngbọ̀n rẹ̀. "Kí ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn, tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí?"

"Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni," ni bàbá mi wí. Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀. "Àmọ́ bí ẹ bá bi mí pé kí ló wà níbẹ̀, mi ò mọ̀. Ohun tí mo wá bi yín gan-an nìyẹn. Ìyá mi wà lórí ẹní nílé."

Adènà náà dìde. Ó ní ọ̀pọ̀ ti wá, àwọn kan ní wúrà ló wà níbẹ̀, àwọn kan ní òkú ọ̀run ni, ó ní bàbá mi ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ pé òun kò mọ̀. Ó ṣí ọ̀nà fún un. Bí ó ṣe ṣí i ni òkè kan yọ̀, gbìrìrì! Bàbá mi dojúbolẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, àwọn ìbejì kan ti dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sáyé láti àárín òkè méjèèjì.

Àkọ́kọ́ rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń mí hẹ, hẹ, hẹ bí ẹni tí wọ́n ti ń pè níbòmíràn. Àtètèdé lorúkọ rẹ̀. Èkejì ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì, kò lè dúró jẹ́ẹ́. Afìbíọ̀pẹ lorúkọ tiẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń gbé ìròyìn gba inú ilẹ̀ kọjá nígbàkúùgbà tí òkè bá yọ̀, Àtètèdé á kọ́kọ́ dé, àbúrò rẹ̀ á tẹ̀lé e.

Bàbá mi ní, "Ẹ mú mi dání." Àwọn ìbejì náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹlẹ́ran ara kì í débẹ̀. Bàbá mi kọ̀, ọdẹ ni, ó lágídí, ibẹ̀ ni mo ti jogún tèmi. Ó wọ inú ihò tí òkè fi sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó gbóná bí ààrò. Ó tún sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ jó. Ó tún fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹnu ìbọn rẹ̀ tẹ̀, ó ṣe wọ́kọ́. Kíá ló sáré jáde. Ẹni tó bá rò pé mò ń purọ́, ìbọn náà wà lájà ilé mi, ẹnu rẹ̀ ṣì tẹ̀ títí dòní, kí onítọ̀hún wá wò ó.

"Kò sí ẹni tó máa fojú rí i," ni Afìbíọ̀pẹ sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Bi wá léèrè. A máa ń kọ́kọ́ gba èèpo ilẹ̀ kọjá, èèpo yẹn fẹ́lẹ́. A ó wọ òkúta gbígbóná tó nípọn, ọ̀nà ibẹ̀ jìn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òkun irin yíyọ́. Etí òkun yẹn ni mo máa ń kú sí."

"Èéṣe?"

"Fífì ni mo fi ń rìn. Ohun tó bá le ló lè fì kó sì padà sípò rẹ̀. Ohun tó ń ṣàn kò lè ṣe é."

Àtètèdé já lu ọ̀rọ̀. "Èmi ní tèmi, títì ni mo fi ń rìn. N ó ti èyí tó wà níwájú mi, òun náà á ti ti iwájú rẹ̀. Omi ò, òkúta ò, irin ò, kò sí ohun tó dá mi dúró rí láyé mi!"

"Lẹ́yìn irin yíyọ́ ńkọ́? Ní àárín gbùngbùn?"

"Kò sí nǹkan kan. Irin yíyọ́ náà ni títí dé òdìkejì." Ó sọ ọ́ tán, ó wo ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọkàn bàbá mi bàjẹ́. Bó bá jẹ́ ohun tó ń ṣàn ló wà nísàlẹ̀ títí dé àárín, àwọn àgbà kò kúkú ṣìnà púpọ̀, kò sì sí ohun tó le tí ìyá òun máa dùbúlẹ̀ lé. Àmọ́ ọdẹ mọ ìgbà tí ẹran bá fi nǹkan pa mọ́. Wíwo ẹ̀gbẹ́ yẹn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó bi Bàbá Èjìká bóyá ẹlòmíràn wà tó ń gbọ́ ìró àwọn ìbejì. Bàbá Èjìká ní, "Ìlú Àìgbọ́ ni kí o lọ, níbi tí wọn kì í ti gbọ́ nǹkan kan." Kí bàbá mi tó bi í pé kí ni ìyẹn máa ṣe fún òun, ó ti fi èjìká ńlá rẹ̀ gbá a, fìì! Ẹ má bi mí léèrè ọ̀nà. Odò méje ni bàbá mi kà nísàlẹ̀, ó kọjá ojú òfuurufú bí ọfà, ó sì balẹ̀ sórí ewé kókò.

Kì í ṣe ewé kókò o, etí ni! Etí àwọn ará Ìlú Àìgbọ́ tóbi tó bẹ́ẹ̀. Láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n á fi etí lélẹ̀, wọn kì í gbọ́ kiní kan, nítorí Afìbíọ̀pẹ á kú sétí òkun, òkun irin náà á sì tẹ ọ̀nà Àtètèdé, á gba ẹ̀yìn wọn lọ jáde lọ́nà jíjìn. Inú òjìji ìró ni wọ́n ń gbé. Wọ́n kí bàbá mi tọ̀yàyà, wọ́n fún un ní iṣu, wọ́n sì sọ fún un pé kó má tẹ́tí sí ìyá arúgbó kan tó ń gbé lẹ́yìn ìlú, nítorí irọ́ ló ń pa. Mogbọ́kan ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni bàbá mi lọ. Ó bá a nídùbúlẹ̀ lórí ẹní. Nígbà tí bàbá mi rí i, omi gba ojú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ kú ìrọ̀jú. Wọ́n ní ẹ̀ ń gbọ́ nǹkan."

"Ọgbọ̀n ọdún," ni Mogbọ́kan wí. "Bí àwọn ìbejì bá sáré, ó máa ń kàn mí létí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan. Ó kéré gan-an. Wọ́n ní ìrẹ̀ ni. Ọmọ mi, ṣé ìrẹ̀ máa ń ti inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ké?"

"Ìyá mi nílé náà ń gbọ́ ọ," ni bàbá mi dáhùn.

Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọgbọ̀n ọdún, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnìkan gbà á gbọ́ nìyẹn. Ó sún, ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹní fún bàbá mi. Wọ́n dùbúlẹ̀. Òkè yọ̀ lọ́nà jíjìn. Wọ́n mú èémí dúró, wọ́n dúró, wọ́n dúró. Kó. Bàbá mi fò sókè, ó ké pe Àtètèdé tó ń kọjá lọ lẹ́yìn ìlú.

"Àtètèdé! Kí ló ju apá kan ara rẹ síbí? Ọ̀nà rẹ kò gba ibí!"

Àtètèdé dúró. Ó wo ẹ̀gbẹ́, ó tún wo ẹ̀gbẹ́ kejì, ó wá jókòó, ó gbé orí sọ́wọ́. "Nǹkan kan wà níbẹ̀," ló wí. "Ní àárín òkun irin yíyọ́, kóró kan wà. Ó le! Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá ni mo máa ń forí sọ ọ́, apá kan ara mi á sì ta dànù wá síbí. Mo ti sọ fún gbogbo ayé pé kò sí ohun tó dá mi dúró rí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, ẹ̀yin ì bá ti bú u. Bàbá mi kò bú u. Ìdùnnú ló mú kó dì mọ́ ọn. "O ṣeun! O ṣeun gan-an! Orí tí o fi sọ nǹkan yẹn, ẹ̀mí ìyá mi ló gbà là. Jọ̀ọ́, má sá fún un mọ́. Gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan, kí o wá sọ ohun tí o bá níbẹ̀ fún wa."

Ìtìjú Àtètèdé fò lọ. Ó fi Afìbíọ̀pẹ pa mọ́ sínú ara rẹ̀, kó má bàa kú sétí òkun, ó sì lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé, ẹkún ayọ̀ ni àbúrò ń sun. Ó ní bí àwọn ṣe wọ inú kóró náà, òun kàn rí i pé òun ń fì, òun ń jó, òun wà láàyè níbi tí òun kò rò pé òun lè dé láé. Nítorí náà ohun tó le ni. Irin ni. Ó gbóná bí ojú oòrùn, síbẹ̀ kò yọ́, nítorí gbogbo ayé ló gbá a mọ́ra láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, kò ráyè yọ́.

Gbogbo ayé gbá a mọ́ra. Bàbá mi kò lè sọ gbólóhùn yẹn láì nu ojú, títí ó fi dàgbà.

Ọ̀rọ̀ ti dé, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti lọ. Ojú ọ̀run ti fi hàn pé oṣù kù díẹ̀ kó kú, ilé sì jìn. Mogbọ́kan ló mú ìmọ̀ràn wá. Bàbá mi júwe ilé fún un, ó sì mọ ibi tó kọjú sí ẹní Àwẹ̀ró gan-an ní òdìkejì ayé. Ó ní kí wọ́n kan ilẹ̀ níbẹ̀, kí Àtètèdé gbé ìró náà gba inú kóró kọjá tààrà. Àwọn ẹlẹ́tí ńlá tí wọ́n ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wá dọ̀bálẹ̀ fún Mogbọ́kan, wọ́n tọrọ àforíjì. Ó ní, "Mo dárí jì yín. Ẹ dìde, ẹ wá gbé òkúta." Ogójì wọn gbé òkúta kan tó tó ilé, wọ́n jù ú sílẹ̀ bí bàbá mi ṣe júwe rẹ̀: ẹ̀ẹ̀mejì, ìsinmi díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan sí i. Wọ́n ṣèlérí pé lójoojúmọ́, nígbà tí oòrùn bá wà lórí ilé Àwẹ̀ró, àwọn á máa jù ú títí àwọn á fi gbọ́ èsì.

Bàbá mi dúpẹ́, ó sì sáré. Ó sáré débi pé òjìji rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Àmọ́ nígbà tó ṣì ku igbó kan, oṣù tuntun ti lé. Ó tún fi ọjọ́ mẹ́sàn-án rìn lẹ́yìn ìyẹn, kò sì mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni gbọ́ ìró náà.

Ọ̀sán gangan ló wọ Ìtẹ̀lẹ̀dúró. Kò gbọ́ odó. Kò gbọ́ ohùn ènìyàn, kò gbọ́ ti ajá. Ó rí ẹrù ní ẹnubodè, wọ́n ti dì í, wọ́n fi okùn so odó gbogbo ìlú mọ́ àárín rẹ̀. Ó kọjá ẹrù náà, ó rí ènìyàn kan tó dojúbolẹ̀. Ó rí òmíràn. Ó wo iwájú, gbogbo ìlú ló wà nílẹ̀ gbalaja, tọmọdé tàgbà, Kábíyèsí pàápàá dojúbolẹ̀ nínú iyanrìn, adé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá mi wà níbẹ̀. Ní àárín gbogbo wọn ni ẹní Àwẹ̀ró wà, Àwẹ̀ró sì dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀, kò mira.

Bàbá mi ju ìbọn nù. Ó kígbe, ó ká ọwọ́ lé orí, ó ní, "Yéè! Ilẹ̀ ti pa wọ́n! Mo pẹ́! Ìyá mi o!"

Ọwọ́ kan dìde láti orí ẹní. Ohùn Àwẹ̀ró sì jáde, ó ń bínú.

"Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó ń ké yẹn kó panu mọ́. Ọmọ mi ń bá mi sọ̀rọ̀."

Bàbá mi dùbúlẹ̀, ó fi etí lélẹ̀, ó sì gbọ́ ọ. Ó kéré gan-an, ó mọ́, ó ti òdìkejì ayé gba inú irin yíyọ́ àti irin líle wá sábẹ́ ẹní ìyá rẹ̀. Kó, kó... kó.

Kábíyèsí ló ṣàlàyé fún un lẹ́yìn náà, iyanrìn ṣì wà létí rẹ̀. Ó ní ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni ìró náà fi ń wá tí Àwẹ̀ró ń pariwo pé ọmọ òun ti rí ìdí ilẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, nítorí bí ilẹ̀ bá ti gbọ̀n fẹ́rẹ́, wọ́n ti gbé odó nìyẹn. Ọjọ́ tí oṣù lé, wọ́n di ẹrù, wọ́n wá kí Àwẹ̀ró pé ó dìgbóṣe. Ilẹ̀ gbọ̀n díẹ̀. Wọ́n wá odó, odó ti wà nínú ẹrù. Wọ́n dúró bí ẹni tí kò mọ ohun tí ọwọ́ wà fún, gbogbo ìlú sì dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ayé baba ńlá wọn. Àwẹ̀ró ní, "Ẹ dùbúlẹ̀." Ọba ló kọ́kọ́ dùbúlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọ̀sán gangan kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń dùbúlẹ̀, ẹrù sì wà bí wọ́n ṣe dì í.

Kábíyèsí kúnlẹ̀ níwájú ẹní náà lójú gbogbo ènìyàn. Ó ní, "Ìyá, ẹ ṣeun. Àwa tí a lẹ́sẹ̀ la fẹ́ sá fi yín sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ dá wa dúró." Àwẹ̀ró ní kó dìde kí aṣọ rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Ó wá yíjú sí bàbá mi tó ti rá wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ pa á lójú, níbi tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti jó. "Ìwọ náà kúkú ni," ló wí. "O rù. Ṣé o jẹun?"

Ilẹ̀ Ìtẹ̀lẹ̀dúró kò ṣíwọ́ mímì o. Òkè méjì yẹn ṣì ń ti ara wọn. Àmọ́ a kò sá mọ́, a kọ́ ilé tó rẹlẹ̀, a sì mọ̀ pé ohun tó le wà ní ìdí gbogbo rẹ̀, tí gbogbo ayé gbá mọ́ra. Lọ́jọ́ tí bàbá mi dé, wọ́n tú odó kúrò nínú ẹrù. Gbogbo ìlú gbé ọmọrí odó sókè papọ̀, wọ́n gún un lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sinmi, wọ́n gún un lẹ́ẹ̀kan, kí Mogbọ́kan lè mọ̀ pé a ti gbọ́. Ìyẹn nìkan la ń gún títí dòní bí ilẹ̀ bá mì. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wa á dùbúlẹ̀, a ó dákẹ́.

Àwẹ̀ró tún lo ọdún mọ́kànlá lórí ẹní yẹn lẹ́yìn ìgbà náà. Bàbá mi náà ti lọ. Èmi tí mo jókòó lórí ẹfọ̀n, ojú mi kò ríran dáadáa mọ́, ẹsẹ̀ mi ti ń wúwo, ìyàwó ọmọ mi ló tẹ́ ẹní yìí fún mi. Mo dúpẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé odó yẹn wá, ẹ gún un bí mo ṣe wí, kí ẹ wá sún mọ́ mi, kí ẹ fi etí lélẹ̀. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé.